Ojú Péńtà ní Ilẹ̀ Iyọ̀ Dálólì

Tí ọmọ ẹnìkan bá bá mi níbi tí mo máa ń jókòó sí ní Beresford Square, ní Woolwich ní London níhìn-ín, tó sì bi mí pé, "Daddy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" mo máa ń dá a lóhùn pé ọ̀dà ni mo pò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rò pé ilé ni mo ń kùn. N kò kun ilé rí. Ọkọ̀ ni mo kùn, ní Ìbàdàn àti níhìn-ín, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí di ìgbà tó funfun. Èyí tí mo sì mọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe kíkùn, pípò ni. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti fọ́ wá, kí n po ọ̀dà tí yóò bá àwọn ilẹ̀kùn tó kù mu, débi pé ẹni tó ni ọkọ̀ gan-an kò ní mọ èyí tí a tún ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe ni mo ń kọ èyí fún, ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ń pariwo dókítà, lọ́yà, kọ̀ǹpútà sí létí. N kò bá wọn jà. Múìbá ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, mo sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi nígbà èwe mi pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ayé. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló mú mi dé ibi tó jìn jù tí ẹsẹ̀ mi tẹ̀ rí, ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń po ọ̀dà. Gbogbo ènìyàn ló ní kí n má lọ. Mo lọ.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múfú, péńtà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mókọlá, ní Ìbàdàn, kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi mú mi lọ, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, bàbá mi sì padà sílé láìmú mi dání. Ohun tó gba àlàyé ni Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ bí igi ìdáná, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bó bá wo iṣẹ́ rẹ tó sì dákẹ́, àyà rẹ á já. Fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn tí a fi ń fín ọ̀dà. Sáńpépà olómi ni mo fi ń ha ara ọkọ̀ títí awọ ìka mi fi ń bó. Nígbà tó wá gbà kí n máa pò, òfin kan ṣoṣo ló fi lé mi lọ́wọ́: "Ọ̀dà tútù kì í sọ òótọ́."

Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn. Ọ̀dà tí kò tíì gbẹ máa ń tan ẹni jẹ. Ó lè dà bí ẹni pé ó bá ara ọkọ̀ mu, kó wá gbẹ tán kó ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá pò ó tán, a ó fi díẹ̀ kun ìdérí agolo mílíìkì, a ó gbé e sí ibòòji títí yóò fi gbẹ, a ó wá gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, a ó fi ti ara ọkọ̀. Kó tó gbẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀.

"Rájí, ó bára mu?" Ọ̀gá á bi mí.

"Ó bára mu, sà."

"Ó ti gbẹ?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé ó bára mu?" Ìkó á sì bọ́ sí àárín orí mi, kó! "Ẹnu rẹ ti sáré ṣáájú ojú rẹ. Dà á nù."

Ìdérí agolo kò wọ́n wa rárá, nítorí pé bí a bá fín ọ̀dà tán, mílíìkì la máa ń mu. Gbogbo péńtà ọkọ̀ ló gbà nígbà náà pé mílíìkì ń fọ ọ̀dà kúrò láyà. Kò fọ nǹkan kan. Mo kà nípa rẹ̀ nígbà tó yá: ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ̀tọ̀, ọ̀nà tí èémí ń gbà lọ̀tọ̀, mílíìkì kò sì dé ibi tí ọ̀dà wà. Ẹ wọ ìbòmú. Ṣùgbọ́n mílíìkì yẹn ló fún wa ní ìdérí, ìdérí ló sì kọ́ mi níṣẹ́.

Ọ̀gá kì í lo orúkọ tó wà lára agolo ọ̀dà. Ó ní àwọn tó kọ orúkọ yẹn kò jẹun níbi tí òun ti jẹun. Tirẹ̀ ni osùn, eérú, obì, ẹyin, ewé ẹ̀fọ́. Ìyeyè nìkan, èyí tí ẹ ń pè ní yẹ́lò, ó pín in sí ọ̀nà bí i méje. Gbẹ̀gìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó ní ìmọ́lẹ̀ nínú. Gbẹ̀gìrì àná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti sùn. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní ìkejì á gba ìkó. Ó tún kọ́ mi pé bí o bá kán dúdú sínú ìyeyè, kì í ṣú bí o ṣe rò, ewé ló ń dà. Títí di òní, inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Ní òpin ọdún kan, oníṣòwò ọ̀dà kan fún wa ní kàlẹ́ńdà. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán ilẹ̀ ibì kan. Nígbà tí a ṣí ọ̀kan báyìí, gbogbo wa dúró. Ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí inú ẹyin. Omi aláwọ̀ ewé wà láàárín rẹ̀, etí omi funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ọsàn tó ti pọ́n jù. Kò sí igi, kò sí koríko. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Dálólì ni, ní Etiópíà.

"Irọ́ ni," Ọ̀gá ní. "Ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà ló po èyí."

"Sà, tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ òótọ́, ó tutù ni. Jẹ́ kó gbẹ ká wò ó."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oṣù náà parí, Ọ̀gá kò ṣí i kúrò. Ọdún parí, àwòrán náà ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ọ̀dà. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a tó dúró síwájú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, tó ń mi orí bí ẹni tó ń bá oníbàárà tí kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn jiyàn.

Iná ló gba kàlẹ́ńdà náà lọ́wọ́ wa. Ọ̀sán ọyẹ́ ni, gbogbo nǹkan gbẹ. Ẹni tó ń jó irin ní ìsọ̀ kejì kò mọ̀ pé iná ta láti ọwọ́ òun kọjá pákó, ó sì bọ́ sórí àkísà tí a ti fi nu tínà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ tínà, omi tí a fi ń la ọ̀dà ni. Kì í jó bí igi. Ó máa ń fò. Kí a tó yíjú, iná ti dé òrùlé. Takisí oníbàárà kan wà nínú, ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ọ̀gá sáré wọlé, ó yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ó tì í jáde pẹ̀lú èjìká rẹ̀. Bó ṣe tì í jáde tán, tó bojú wẹ̀yìn, ni dúrọ́ọ̀mù tínà bú, tí ó sì tú sí i lójú.

Kò kú. Takisí náà kò jó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ti ń lọ, ọ̀kan kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkejì. A kọ́ ìsọ̀ mìíràn, Ọ̀gá sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà lórí àga. Èmi ni mo ń gbé ìdérí lọ bá a.

"Kí ló jọ?"

"Pupa ni, sà."

"Pupa kí ni? Pupa ẹnu àgbà tó jẹ obì, àbí pupa ata tó ti ń rà? Sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lójú!"

Báyìí ni mo ṣe kọ́ láti máa fi ẹnu gbé àwọ̀ fún ẹni tí kò rí i. N kò mọ ilé-ìwé tó ń kọ́ ènìyàn ní ìyẹn.

Ní ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un pé ìwé ìrìnnà mi ti jáde, pé mo ń lọ sí London, ó ṣàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kàlẹ́ńdà yẹn jóná, àbí?"

"Ó jóná, sà."

"Mo fẹ́ lọ wo ilẹ̀ yẹn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n kọ́lé tán. Ilé dé òrùlé, mo ní kí àwọn ọmọ jáde ìwé. Mo ní kó gbẹ." Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Ojú mi ló kọ́kọ́ gbẹ."

N kò fojú kàn án mọ́. Kí Ọlọ́run forí jì í.

Nípa bí mo ṣe ríṣẹ́ níhìn-ín, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo kun ọkọ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn ilé páànù tó wà ní apá Thamesmead, títí wọ́n fi tì í pa tí a kó lọ sí òmíràn. Òtútù ló kọ́kọ́ fẹ́ lé mi padà sílé. Ọ̀dà kì í gbẹ ní òtútù! Mo gbé ìdérí mi sí ibòòji bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo jẹun, mo kírun, mo padà, ó ṣì ń wò mí bí ẹni tó ń sunkún. Máníjà fi mí rẹ́rìn-ín, ó mú mi lọ wo yàrá gbígbóná tí wọ́n ń gbé odindi ọkọ̀ sí kó lè gbẹ. Dípò ìdérí mílíìkì, wọ́n ní pélébé irin tí wọ́n ń pè ní káàdì, tó ní ihò lórí tí a fi ń gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà onítínà kúrò nílẹ̀, olómi dé. Ìbọn wa yí padà. Ẹ̀rọ kan sì wá dé tí a máa ń fi ẹnu rẹ̀ kan ara ọkọ̀, tí yóò ka àwọ̀ náà fúnra rẹ̀, tí yóò sọ iye tí a ó fi sí i.

Mo bínú sí ẹ̀rọ yẹn. N kò ní parọ́ fún yín pé mo borí rẹ̀ o. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun, ó máa ń mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kíá báyìí. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe mọ ohun tó mọ̀. Ìyẹn ló sọ mí di ará láíbúrárì Woolwich ní ọjọ́ Sátidé. Mo ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo ka ibi tí wọ́n ti ń rí ìyẹ̀fun tó ń fún ọ̀dà ní àwọ̀. Mo wá mọ̀ pé rẹ́dì ọ́ksáìdì tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀dà, tí mo ti fín láti kékeré, ìpẹtà lásán ni, irin tó mí èémí. Ibi tí mo ti ń wá irin kiri nínú ìwé ni mo ti ṣí ojú ewé kan, tí mo sì fẹ́ ké. Ilẹ̀ inú kàlẹ́ńdà ni. Ó wà. Ẹnikẹ́ni kò pò ó.

Láti ọjọ́ náà, mo ka gbogbo ohun tó wà nípa Dálólì. Ní àríwá ìlà-oòrùn Etiópíà ló wà, nínú aṣálẹ̀ iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Dánákílì. Ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ju òkun lọ. Òkun wà níbẹ̀ nígbà kan, ó gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kù. Lábẹ́ iyọ̀ náà ni iná inú ilẹ̀ wà, irú èyí tó ń yọ láti òkè oníná. Omi á wọlẹ̀, iná á sè é, á tún padà sókè pẹ̀lú imí ọjọ́ àti irin tó ti yọ́ sínú rẹ̀. Mẹ́ta yẹn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: iyọ̀, imí ọjọ́, irin. Péńtà tó ní agolo mẹ́ta péré! Mo sì ń sọ ọ́ fún ara mi pé màá lọ tí mo bá fẹ̀yìn tì. Ẹ ò rí i? Èmi náà ń dúró kó gbẹ.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni àìsàn ojú mi bẹ̀rẹ̀. Mo ń rí iwájú kedere, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ń ṣú wọlé, bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Ojú òsì ti burú kí n tó fura. Dókítà ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọ̀tún.

"Kò ní dá èyí tó ti lọ padà," ó ní. "Èyí tó kù la fẹ́ dì mú."

"Ṣé èyí tó kù dájú?"

"A kì í ṣèlérí ojú fún ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa jìnnà sí eruku àti èéfín fún ìgbà pípẹ́."

"Tí mo bá kọ́kọ́ lọ síbì kan kí n tó ṣe é ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ bàbá mi ni yín, màá ní kí ẹ ṣe é kọ́kọ́."

"N kì í ṣe bàbá rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú díẹ̀, ó ní kí n má fi oògùn ojú mi ṣeré. Ṣùgbọ́n ilé wa kò rẹ́rìn-ín. Múìbá wá láti ilé rẹ̀ ní Tavy Bridge, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Daddy, ṣé o fẹ́ lọ síbi tí ásíìdì ti ń hó, pẹ̀lú ojú kan àbọ̀?"

"Ta lò ń pè ní 'o'?" ìyá rẹ̀ ké láti kíṣìnnì.

"Sorry, Mummy. Daddy, ṣé ẹ fẹ́ lọ síbi tí ásíìdì ti ń hó, pẹ̀lú ojú kan àbọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó di àbọ̀."

"Ẹ ṣe operation first! Kí ẹ wá lọ next year."

"Ọ̀gá mi náà ní next year."

Ìyá Múìbá jáde sí wa pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Bàbá Múìbá, tó bá jẹ́ yẹ́lò lẹ fẹ́ wò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún àwọn ìsọ̀ Powis Street."

Bí ojú yín bá ti ń lọ, gbogbo ènìyàn ló máa fẹ́ kí ẹ jókòó kí ẹ sì máa ṣọ́ èyí tó kù, bí ẹni tó ń ṣọ́ owó tí kò ní ná. Mo bi wọ́n pé kí ni mo fẹ́ fi èyí tó kù wò? Tẹlifíṣọ̀n? Ògiri? Ojú tí mo fi jẹun láyé, wọ́n fẹ́ kí n dì í sínú aṣọ. Mo ní ó tì.

Ní ọjọ́ kejì, n kò rí páàsìpọ́ọ̀tù mi mọ́. Mo tú dúrọ́ọ̀, mo tú àpótí. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ bí i mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá Múìbá lọ síṣẹ́, mo fẹ́ tẹ ẹ̀bà, mo ki ọwọ́ bọ inú ike gàrí, páàsìpọ́ọ̀tù mi ni mo bà níbẹ̀. Ó gbàgbé pé èmi ni mo máa ń tẹ ẹ̀bà nígbà tí kò bá sí nílé. Mo gbọn gàrí kúrò lára rẹ̀, mo gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n níbi tí kò ti ní ṣàìrí i.

Ó rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, mo bá fláàsì kékeré kan nínú báàgì mi, oògùn ojú mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú yìnyín.

"Ẹ má jẹ́ kó gbóná," ó ní. "N kò gbà fún yín o. Mo kàn ní kí ẹ má jẹ́ kó gbóná ni."

Mo mú nǹkan kan mìíràn dání. Kí n tó lọ, mo padà sí ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, wọ́n jẹ́ kí n po ìyeyè oríṣiríṣi láti inú ohun tí mo ti kà, mo fín ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí káàdì irin, mo fi okùn so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ fi wọ́n ti ara ilẹ̀, bí mo ṣe máa ń fi wọ́n ti ara ọkọ̀.

Láti Woolwich, mo wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line, lẹ́yìn rẹ̀ ọkọ̀ òfurufú méjì, lẹ́yìn rẹ̀ jíìpù tó gbọn gbogbo eyín mi. Ẹni tó mú wa kiri jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Afár, ó ń jẹ́ Àmẹ́dù, tẹ́ẹ́rẹ́, sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Mo kí i pé àsàlámù àlékùn, ojú rẹ̀ tàn, láti ìgbà náà ló sì ń pè mí ní Bàbá. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ àti tèmi jọ jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, a gbọ́ ara wa.

Ilẹ̀ iyọ̀ náà tẹ́ lọ títí ojú fi rẹ̀ mí. Ó funfun, ó sì là sí ojú-ojú bí awọ ẹja gbígbẹ. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ nínú ooru yẹn tí wọ́n ń fi igi gbé iyọ̀ kúrò nílẹ̀, àwọn mìíràn ń gé e ní pélébé, ràkúnmí sì kúnlẹ̀ ń dúró de ẹrù. Ẹnìkan fi ọwọ́ kan etí iyọ̀ tó gé, ó yí i padà sínú ìmọ́lẹ̀, ó tún gé bíńtín kúrò. Mo mọ irú ènìyàn yẹn. Ó ní Ọ̀gá tirẹ̀ níbì kan.

A gun òkè kékeré kan tó ṣú bí obì gbígbẹ. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ pàdé wa. Àmẹ́dù ní kí n máa tẹ ibi tí òun bá tẹ̀, nítorí iyọ̀ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, omi ásíìdì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yà kúrò níwájú mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó wà níbẹ̀!

Iyọ̀ ń hù láti ilẹ̀ bí olú. Òmíràn rí roboto bí ẹyin tí adìyẹ kó jọ, òmíràn dà bí àtẹ̀gùn tí omi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Níbi tí omi ti ń ru jáde, ó funfun. Ìwọ̀nba díẹ̀ síwájú, ìyeyè. Lẹ́yìn rẹ̀ ọsàn, lẹ́yìn rẹ̀ osùn, lẹ́yìn rẹ̀ obì. Adágún tó wà nísàlẹ̀ dà bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo ti fẹ́ sọ pé wọ́n kán dúdú sí ìyeyè. Rárá o. Irin ni, irin tí afẹ́fẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀ tán, á di rẹ́dì ọ́ksáìdì tí mo fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ọkọ̀. Agolo kan náà!

Mo yọ káàdì mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àkọ́kọ́ ti ara ìyeyè náà. Kò bára mu. Ìkejì, kò bára mu. Mo sún ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè rí i dáadáa, ẹ̀gbẹ́ sì ni ojú mi kò dé. Iyọ̀ fọ́ lábẹ́ mi, kèù! Àmẹ́dù gbá mi mú lẹ́wù, ó fà mí sẹ́yìn tí a fi jọ ṣubú lórí ìdí wa. Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà mi ń rú èéfín.

"Bàbá! Mo ní ibi tí mo bá tẹ̀!"

"N kò rí ẹ̀gbẹ́, ọmọ mi. Iwájú nìkan ni mo ń rí."

Ó wò mí, ó wo bàtà, ó wo káàdì tí mo ṣì dì mọ́wọ́. "Iwájú nìkan," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ kò dúró sílé?" Ṣùgbọ́n ó bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀, ó so etí rẹ̀ kan mọ́ ìdí rẹ̀, ó ki etí kejì bọ̀ mí lọ́wọ́. Báyìí ló ṣe fà mí kiri.

Mo fi gbogbo káàdì mi ti ilẹ̀ yẹn. Kò sí ọ̀kan tó bára mu. Mo dúró, mo ń rò ó. Níkẹyìn ni mo rí ohun tí mo ṣe. Gbogbo káàdì mi ni mo ti jẹ́ kó gbẹ. Mo tọ́ka sí ibì kan tó ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ṣú bí eérú àti ilẹ̀. Mo bi Àmẹ́dù pé àwọ̀ wo ni ti ibẹ̀ yẹn.

"Ìyẹn ti kú," ó ní. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń mú àlejò wá, ibẹ̀ ló dára jù. Omi rẹ̀ gbẹ. Tó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Èyí tí ẹ ń wò yìí, tí ẹ bá padà wá ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ lè má bá a."

Mo rántí Ọ̀gá níwájú kàlẹ́ńdà. *Jẹ́ kó gbẹ ká wò ó.* Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà fún ọkọ̀, ó tọ̀nà fún gbogbo iṣẹ́ tí mo fi jẹun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tó tutù nìkan ló ń sọ òótọ́. Mo la ẹnu mi, láìdúró kó gbẹ, láìsí ìkó tó lè bọ́ sórí mi, mo sọ orúkọ rẹ̀ sókè: "Gbẹ̀gìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, sà."

Àmẹ́dù rò pé òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àmín."

A kírun ọ̀sán lórí iyọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Mo bi í pé ṣé kí n lọ ṣe àlùwàlá nínú adágún aláwọ̀ ewé yẹn. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fún òun ní fóònù mi. Erùpẹ̀ ilẹ̀ la fi ṣe àlùwàlá wa dípò omi.

Ọjọ́ tí mo dé London, n kò tíì tú báàgì mi tí mo ti gba ibi iṣẹ́ àtijọ́ lọ. Àwọ̀ kì í pẹ́ lójú. Mo po àwọ̀ gbẹ̀gìrì náà nígbà tó ṣì wà lójú mi, mo fi ìmọ́lẹ̀ sí i, mo kán ewé bíńtín, mo sì fi ọ̀dà dídán kan tí ń mú nǹkan dà bí ẹni pé ó ṣì tutù bò ó lórí. Mo fín in sórí káàdì kan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Péńtà kì í sọ pé ojú òun ti yí padà láìní nǹkan tí yóò fi wé e. Mo fi káàdì náà fún Múìbá, mo ní kó mú un wá sí ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

"Daddy, stubborn ni yín," ó ní. Ó fi í sínú báàgì rẹ̀, nínú aṣọ.

Wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ojú mi, gbogbo nǹkan ń wẹ̀ nínú omi. Ìyá Múìbá dúró lápá kan, ó di fláàsì rẹ̀ mú. Múìbá gbé káàdì náà sójú fèrèsé. N kò ní parọ́ fún yín: ẹ̀gbẹ́ ṣú síbẹ̀, ojú òsì kò padà, páìpù náà kò fẹ̀ sí i. Mo wo iwájú, mo wo káàdì náà.

"Bàbá, ẹ ní sùúrù," nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ jẹ́ kí omi ojú yẹn gbẹ ná, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rí."

"Òun ni," mo ní.